Ilé Odídẹrẹ́ àti Ojú Agbanisíṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n obìnrin ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kọ búlọ́ọ̀gì yìí jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìwó. A ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, a ò sì ní dárúkọ òun náà. Lọ́dún tó kọjá, ó di oṣù mẹ́ta tí wọn ò san owó oṣù fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé gbólóhùn kan sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ ni pé òun tí òun ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, òun ò lè ṣírò ọjọ́ tí owó tòun máa wọlé. Wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà lò kó tó pòórá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ tán, ẹnì kan ti ya àwòrán rẹ̀, ó sì ti wà lórí fóònù ìyá oníléèwé. Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, kó ṣí i, kí wọ́n lè wo àwọn tíṣà míì tó fèsì sí i. Ó kọ̀. Kí àwọn ọmọ tó jáde fún ìsinmi ọ̀sán, wọ́n ti fún un ní lẹ́tà pé kó máa lọ sílé.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀?" Àbúrò gbé ìbéèrè náà wá sáàárín wa. Ìtàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà, kì í ṣe òfin, nítorí náà ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a padà sẹ́yìn lọ wò ó: ìgbà wo ni ẹni tó ń san owó oṣù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu òṣìṣẹ́ nílẹ̀ wa, kí ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀?

Ìwó Ilé Odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe ìlú náà. Gbogbo wa la mọ odídẹrẹ́: ẹyẹ tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní yàrá, tó sì ń tún un sọ fún àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà tó ń sìn ín mọ ohun tí wọn kì í sọ níwájú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni ìwádìí wa gbé wa lọ. Kí wọ́n tó dé, iṣẹ́ wà, ọ̀gá wà, ìyà sì wà, ṣùgbọ́n owó oṣù kò sí. Ìwọ̀fà mọ ìwọ̀n iṣẹ́ tó máa ṣe fún olówó rẹ̀. Tó bá ti ṣe é tán, ó ń lọ sí oko tirẹ̀. (A ò sọ pé ayé ìwọ̀fà dára o. Ohun tí à ń sọ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni olówó ń kà, kì í ka ohun tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ lálẹ́.) Àwọn ìjọ míṣọ́n ló kọ́kọ́ da iṣẹ́ oṣù pọ̀ mọ́ ìwà inú ilé. Ẹgbẹ́ CMS ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa kọ àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń rí, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń gbára lé, wà lára àwọn tó ń kọ irú rẹ̀. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni J. D. Y. Peel ti rí ọ̀pọ̀ ohun tó fi kọ ìwé rẹ̀ lórí bí ẹ̀sìn ṣe pàdé Yorùbá, èyí tó jáde lọ́dún 2000. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń jẹ àǹfààní wọn lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: òṣìṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀ fún ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka díẹ̀ nínú wọn á mọ̀ pé àwọn ohun kan wà tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ ní kíkọ, nítorí ó mọ ojú tó máa kà á.

Ti àwọn Onítẹ̀bọmi ló kan Ìwó jù. Ní ọdún 1888, ní Èkó, W. J. David, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tó ń darí iṣẹ́ wọn, yọ Moses Ladejo Stone tó jẹ́ àlùfáà ìjọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì béèrè lọ́wọ́ ìjọ kó tó yọ ọ́. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ òdì ni Stone kọ́ àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ owó oṣù tí kò tó o ná ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde, wọ́n sì dá Native Baptist Church sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. D. B. Vincent, tó padà wá ń jẹ́ Mójọlá Agbébí, wà lára àwọn tó dúró ti ìjọ tuntun náà. Ó di ọdún 1914 kí ìhà méjèèjì tó jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, Yoruba Baptist Association. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nítorí òṣìṣẹ́ kan tó ní owó òun kò tó.

Orí òkè tí Yunifásítì Bowen wà ní Ìwó lónìí, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà, Baptist College, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 2002 ni Bowen ṣẹ̀ṣẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà míṣọ́n láyé ìgbà yẹn kì í ṣe tíṣà nìkan. Ó ń kọ́ ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń darí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ níwájú gbogbo àdúgbò. Tó bá fẹ́ ìyàwó kejì, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ìwó sì jẹ́ ìlú tí ọba rẹ̀, Lámúyè, ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ fojú inú wo ọmọ ilé Mùsùlùmí tó di tíṣà míṣọ́n. Tí ọdún Iléyá bá dé, tí bàbá rẹ̀ ní kó wá jókòó ti àwo ẹran, ta ló wà ní ìta tó ń wò ó? Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, sílẹ̀ lóṣù Keje ọdún 1931, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti di ààrẹ àkọ́kọ́, bí agbanisíṣẹ́ ṣe ń lo tíṣà bó ṣe wù ú wà lára ohun tó kó wọn jọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú èyí. Ní ọdún 1914, Henry Ford ní Detroit kéde pé òun máa san dọ́là márùn-ún lójúmọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ òun, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti wá ṣiṣẹ́ ló máa gbà á pé. Ford ní ẹ̀ka kan tó ń rán àwọn olùṣèwádìí lọ sí ilé òṣìṣẹ́: ṣé ilé mọ́, ṣé ọkùnrin náà ń mutí, ṣé ó ń fi owó pamọ́ sí báńkì, ta ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀? Ní tiwa, ìjọba amúnisìn ní wolé-wolé tó ń yẹ ìkòkò omi wò, ṣùgbọ́n wolé-wolé kò lè dá owó oṣù ẹnikẹ́ni dúró.

Akọ̀wé ìjọba ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin iṣẹ́ ọba nígbà ìjọba amúnisìn kò gbà kí òṣìṣẹ́ kọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ ìṣèlú tàbí ìṣàkóso sínú ìwé ìròyìn láìgba àṣẹ. (Òfin náà kò bá wọn lọ lọ́dún 1960. Irú rẹ̀ ṣì wà nínú Public Service Rules tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò títí di òní.) Kí wá ni àwọn akọ̀wé ṣe? Wọ́n fi orúkọ ìnagijẹ kọ ọ́. Ẹni tó bá ṣí àwọn ìwé ìròyìn Èkó ìgbà náà, ì báà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yorùbá, orúkọ àfibojú ló máa bá nídìí ọ̀pọ̀ lẹ́tà àti àròkọ. Èkó Akéte ti Adéoyè Dẹ́níga jáde lọ́dún 1922, Ẹlẹ́tìí Ọfẹ ti E. A. Akíntàn tẹ̀ lé e lọ́dún 1923, Akéde Èkó ti I. B. Thomas dé lọ́dún 1928. Orúkọ Ẹlẹ́tìí Ọfẹ yẹn máa ń pa wá lẹ́rìn-ín: ìwé ìròyìn ló ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń gbọ́ ohun gbogbo láìsanwó, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gá ọ́fíìsì náà ń fetí sílẹ̀ kó lè mọ òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní àkáǹtì Twitter méjì lónìí, ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, èkejì tó ń jẹ́ orúkọ tí kò yé ẹnikẹ́ni, kò dá ohun tuntun sílẹ̀. Àwa gan-an tí à ń kọ "a" nínú búlọ́ọ̀gì yìí, tí a kì í fi orúkọ sí i níkọ̀ọ̀kan, ìdí kan náà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa wá iṣẹ́ láìpẹ́.

Ti Michael Imoudu la fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn sí wa. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ọjà gbówó lórí, owó oṣù dúró sójú kan. Ìjọba ń ṣí lẹ́tà àwọn èèyàn kà nítorí ogun, òfin ogun sì jẹ́ kí wọ́n lè ti ẹni tí wọ́n bá kà sí eléwu mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù. Ní ọdún 1943, wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Benin, lẹ́yìn náà wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kúrò ní Auchi. Oṣù Karùn-ún ọdún 1945 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Àfikún ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìgbọ́bùkátà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè, kí owó iṣẹ́ ojúmọ́ má sì ṣe dín sí ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Keje, ìjọba ti West African Pilot àti Daily Comet pa, ìwé ìròyìn Azikiwe méjì tó ń gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìwó, jẹ́ ìlú rélùwéè láti ọdún 1907.

Ẹ gbé ti Stone àti ti Imoudu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lójú tiwa, ìgbàkígbà tí agbanisíṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu òṣìṣẹ́, ó yẹ ká kọ́kọ́ wo ìwé owó. Gbèsè tàbí owó tí kò tó ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá kì í pè é bẹ́ẹ̀. Á pè é ní àìgbọràn, á ní wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́.

Ọ̀ṣun tiwa náà rí i. Láti àárín ọdún 2015 títí di 2018, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ipele kẹjọ sókè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò gba owó oṣù rẹ̀ pé; àwọn kan ń gba ìdajì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Adájọ́ Folahanmi Oloyede ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ọ̀ṣun kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lórí Gómìnà Aregbesola àti igbákejì rẹ̀. Owó òṣìṣẹ́ tí wọn kò san wà lára ẹ̀sùn náà, ó sì pín ìwé náà káàkiri. Ní ọdún 2016, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Orílẹ̀-èdè, NJC, dábàá pé kí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì tipátipá, nítorí pé ohun tó ṣe kò bá iyì ipò adájọ́ mu. A ò jọ fẹnu kò lórí èyí. Àwọn kan nínú wa gbà pé adájọ́ kì í ṣe bíi tíṣà, pé ẹni tó lè gbọ́ ẹjọ́ gómìnà lọ́la kò yẹ kó bá a jà lónìí. Ṣùgbọ́n bàbá ọ̀kan nínú wa jẹ́ tíṣà ìjọba nígbà náà. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iyì ilé ẹjọ́. Ó jáde kúrò nínú gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ owó oṣù, ó ní bí wọ́n bá lè ṣe adájọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni tòun?

Kí ló wá yí padà láti ìgbà àwọn míṣọ́nnárì? Olùbẹ̀wò ayé àtijọ́ gbọ́dọ̀ rìn wá. Àdúgbò á rí i pé ó ń bọ̀, ọmọdé á sáré lọ sọ fún tíṣà, àwọn ará ilé sì lè dákẹ́. Lónìí kò sí ẹni tó ń rìn wá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: ẹni tí ẹ jọ ń jẹun ní ilé ẹ̀kọ́ ló ń ya àwòrán ọ̀rọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó ti pòórá sì ti wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀gbọ́n wa sọ tó dùn wá gan-an. Ìyá oníléèwé wà lára àwọn tó ń wo sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà ló pàṣẹ pé kí gbogbo tíṣà máa gbé ìpolówó ìgbaniwọlé síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Fóònù rẹ̀ ni, dátà rẹ̀ ni, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ará ìjọ rẹ̀ ló ń wò ó. Nígbà tí wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ka sítátọ́ọ̀sì náà sí pátákó ìpolówó ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n ní ó fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ òfin, níbi tí agbára wa mọ. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ń dáàbò bo àṣírí ẹni láti ọdún 1960. Nínú ti 1999, abala 37 ló ní kí wọ́n dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ìjọba ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé irú abala bẹ́ẹ̀ kọjú sí; ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ kì í wá síni lọ́kàn. Òfin tó bá agbanisíṣẹ́ wí tààrà kò pẹ́ rárá: ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbo Dátà. Òfin yìí kan ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ìsọfúnni èèyàn jọ fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ya àwọn ohun kan sọ́tọ̀ pé wọ́n nílò ìṣọ́ra tó pọ̀ jù: ìlera, ẹ̀sìn, èrò ìṣèlú, bóyá èèyàn wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó tún ní pé àìsọ̀rọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Tí a bá gbé ìyẹn lé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gbè é. Ohun tó fi han gbogbo èèyàn tó ní nọ́ńbà rẹ̀, ìyá oníléèwé náà sì wà lára wọn, ó ṣòro kó tó sọ pé àṣírí ni. A sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò dùn mọ́ ọn. Ti fóònù tí wọ́n ní kó ṣí yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ẹlòmíràn ti ja ìjà yìí rí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Maryland ló kọ́kọ́ ṣòfin lọ́dún 2012 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà òṣìṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan mú ti Facebook rẹ̀ wá. Ní Romania, ilé iṣẹ́ kan ṣọ́ ohun tí ọ̀gbẹ́ni Bărbulescu ń kọ lórí Yahoo Messenger fún ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2007. Wọ́n tẹ ìwé márùndínláàádọ́ta jáde, ọ̀rọ̀ òun àti àbúrò rẹ̀ àti ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n lé e. Ọdún mẹ́wàá ló gbà kí Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù tó dá a láre, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Àwọn adájọ́ náà ò sọ pé ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ ṣọ́ òṣìṣẹ́ rárá o. Wọ́n ní ó yẹ kó ti sọ fún un ṣáájú pé òun máa ṣọ́ ọ, ibi tí ìṣọ́ náà máa dé, àti ìdí rẹ̀.

Ti lẹ́tà lílé ló le jù. Òṣìṣẹ́ tí òfin ìjọba dá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tó lè fara tì; ẹjọ́ Olaniyan àti Yunifásítì Èkó lọ́dún 1985 ló jẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n lé padà sí ipò wọn. Tíṣà aládàáni kò ní irú ìyẹn. Ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ ló ní, tó bá jẹ́ pé wọ́n fún un ní lẹ́tà rárá. Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti ń sọ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó mọ́yán lórí kó tó lé èèyàn, ṣùgbọ́n ta ló máa san owó lọ́yà láti Ìwó?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, agùnbánirọ̀ kan ní Èkó ṣe fídíò sórí TikTok, ó ké nípa bí ọjà ṣe gbówó lórí. Ó ní wọ́n pè é láti àjọ NYSC pé kó yọ ọ́. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san 77,000 náírà dípò 33,000 fún àwọn agùnbánirọ̀, lẹ́yìn oṣù tó pọ̀ tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà tún nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa wọ kákí náà láàárín ọdún méjì sí i.

Nítorí èyí, nígbà tí a bá ẹ̀gbọ́n jókòó láti kọ ìwé sí ilé ẹ̀kọ́ náà, a kò fi sítátọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. Ó ti fẹ́ fi ìpínrọ̀ mẹ́ta ṣàlàyé pé òun kò bú ẹnikẹ́ni, pé àwàdà ni. A yọ gbogbo rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ dárúkọ oṣù mẹ́ta náà níkọ̀ọ̀kan, ìlà kejì kọ iye owó tó jẹ́ ti oṣù kọ̀ọ̀kan, ìlà kẹta béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Ọ̀rọ̀ fóònù ló gbẹ̀yìn. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó sì mú un lọ fúnra rẹ̀, ó ní kí akọ̀wé wọn buwọ́ lu ẹ̀dà tirẹ̀. Wọ́n ti san ti oṣù kan. Ó ku méjì.